Adúró-dè-mí

Lárì márùndínlógójì ni mo san fún un
lórí kùbùsù kan tí wọ́n tẹ́ sétí odò Riónì,
láàárín ife tí kò ní etí àti àmì-ẹ̀yẹ àwọn ológun tó ti kú.
Ọmọkùnrin tó tà á ní kò sóhun tó ṣe é.
Ó tẹ̀ ẹ́ lójú mi: pákà. Ó tún tẹ̀ ẹ́: pákà.
Kò fọwọ́ kan ọwọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀,
èmi náà ò sì bi í.
Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á;
lárì márùndínlógójì, omi ọbẹ̀ lásán ni.

Bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ kékeré yẹn gan-an ni mo ṣe rà á,
èyí tí èèyàn máa ń yí wálẹ̀,
tí á máa kùn kírí-kírí-kírí
títí onítọ̀hún á fi sáré lọ jókòó, tún kọ́là ṣe,
kó tó ṣẹ́jú.
Adúró-dè-mí ni mo sọ ọ́.
Ẹni tó ń dá gbé ní Kutaísì, tọ́mọ ẹ̀ wà ní Bárì
tó ń tọ́jú ìyá oníyàá,
tó ní, "Màámá, fọ́tò gidi, èyí tí mo lè fi há ẹ̀gbẹ́ dígí,"
ta ni yóò bá a tẹ̀ ẹ́?

Mo yí i. Kírí, kírí, kí—
ó dákẹ́,
bí ẹni tó rántí ọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà.

Mo pààrọ̀ bátìrì. Ìwà òmùgọ̀:
sípíríìngì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bátìrì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísìrì,
ó yẹ kí n ti mọ̀.
Mo fi ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i;
ó dé ìṣẹ́jú-àáyá karùn-ún kó tó kú.
Ẹ̀n-ẹ́n. Gírísì ni nígbà náà,
gírísì àtijọ́ tó ti dì bí ọ̀rá ojú ọbẹ̀ àná.

Uṣángì tó ń tún aago ṣe fi awò há ojú.
"Wo orí ìdè yìí. Ẹnìkan ti fọ̀bẹ tú u rí."
Lóòótọ́, mẹ́ta ti họ.
Ẹnìkan ti jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí
pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná, pẹ̀lú sùúrù tó ń tán lọ.
Uṣángì kán epo láítà síbẹ̀, ẹ̀kán kan, lẹ́nu abẹ́rẹ́;
ó ní bó bá pọ̀ jù, a ó fi ọwọ́ ara wa fọ́ ọ lójú.
Kò gbowó. Ó ní, "Lamzíra, mo lè wá tẹ̀ ẹ́ fún ọ."
Mo ní mo dúpẹ́.

Nílé, ó dé ìkeje, ó dúró.
Inú bí mi, mo sọ ọ́ lórí kodò sínú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì,
mo ń lọ bu tíì—
kírí-kírí-kírí, pákà.
Mo gbé e dúró dáadáa: kẹ́kẹ́ pa.
Mo tún dorí ẹ̀ kodò: pákà.
Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Bóyá eyín kan ti jẹ nínú irin
tó fẹ́ kí ara rẹ̀ wúwo kó tó ṣubú sípò.
Ṣùgbọ́n fọ́tò ò mọ òkè, kò mọ ilẹ̀;
ẹni tó mú bébà lọ́wọ́ ló ń yí i.

Lọ́jọ́ Àìkú mo fokùn bàtà so ó sábẹ́ àjàrà bí àdán,
mo wọ búláòsì aláwọ̀ ewé, mo yí ọwọ́ ẹ̀, mo sáré.
Mo rẹ́rìn-ín músẹ́.
Mo ka mẹ́wàá. Mo ka méjìlá. Ẹ̀rín ń gan lẹ́nu mi.
Mo dìde kí n lọ wo ohun tó tún dé—
pákà.

Ohun tó wà nínú àpòòwé tó ń lọ sí Bárì nìyẹn:
ewé àjàrà, ẹnu tó là sílẹ̀,
ọwọ́ mi ràgàjì, tí kò mọ́ dáadáa, tó ń nà bọ̀
bí ẹni fẹ́ di ènìyàn mú.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé: apá ibí lòkè.